Ẹrù Tí Òfin Gbà Lọ́wọ́ Olè: Ta Ni Yóò Gbé E Relé?

Ìlú igi ni Ìjẹ̀bú-Igbó. Orúkọ rẹ̀ pàápàá kò fi èyí pamọ́: àwọn Ìjẹ̀bú tí ó tẹ̀dó sínú igbó ni. Láti Òkè-Ṣópẹ́n títí dé Òkè-Àgbò, láti Ojówó dé Àtìkórì àti Jàpárá, kò sí àdúgbò tí ènìyàn yóò ti wá ọmọ ẹni tí iṣẹ́ igi, iṣẹ́ kòkó tàbí òwò obì bọ́ tì. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí ilé-ẹjọ́ ń fi ẹrù olè ṣe lẹ́yìn tí ẹjọ́ bá parí, kò pọn dandan kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí owó dọ́là tí wọ́n bá nínú àpótí irin ní Èkó. Ìtì igi kan tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Kí a mú un pé àwọn agbófinró dá ọkọ̀ agbégi kan dúró ní ìdájí. Ìtì arère mẹ́wàá ni ó kó. Inú igbó tí ìjọba dá sí ni wọ́n ti gé wọn, kò sì sí ìwé àṣẹ. Wọ́n mú awakọ̀, wọ́n sì wa ọkọ̀ náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú ohun gbogbo tí ó wà nínú rẹ̀. Igi náà, ti ìjọba ni. Ọkọ̀ náà, ti obìnrin oníṣòwò kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni, ẹni tí ó fi háyà rẹ̀ fún awakọ̀ láì mọ ibi tí ó ń gbé e lọ. Ẹ̀rọ ìgégi tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀, àyálò ni. Owó tí wọ́n sì bá ní àpò awakọ̀, kò sí ẹni tí ó lè tètè sọ bóyá owó igi ni tàbí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni ó wà níwájú adájọ́, ṣùgbọ́n ohun ìní ènìyàn mẹ́rin ni òfin ti dì mú.

Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sún un síwájú, wọ́n tún sún un. Arère kì í ṣe ìrókò. Igi fífúyẹ́ ni. Bí a bá gé e lulẹ̀ tí a kò tètè là á, kò ní pẹ́ nínú òjò tí àwọ̀ aláró yóò fi wọ inú rẹ̀, tí kòkòrò yóò sì lu ú bí ajere. Ní ọjọ́ tí adájọ́ yóò bá sọ pé awakọ̀ jẹ̀bi, tí yóò ní kí ó san owó ìtanràn, igi náà kò níye lórí mọ́. Awakọ̀ yóò lọ sílé. Ìjọba tí ó ni igi kò rí igi, kò sì rí owó igi. Obìnrin tí ó ni ọkọ̀ yóò máa rìn lọ rìn bọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ yóò máa dípẹtà nínú ọgbà, koríko yóò sì gba inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ hù jáde.

Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí ó bá ń gba ọ̀nà kọjá níwájú àwọn àgọ́ ọlọ́pàá ní ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé ọgbà wọn a máa dà bí itẹ́ òkú ọkọ̀ àti alùpùpù. Àwọn ọmọdé a máa rò pé ọkọ̀ tí ó ní jàǹbá ni gbogbo wọn. Àwọn kan rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó jẹ́ ẹ̀rí ẹjọ́ tí ó ti parí, tàbí ẹ̀rí ẹjọ́ tí olùpẹ̀jọ́ rẹ̀ ti rẹ̀, wà láàárín wọn pẹ̀lú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí ni pé ìdájọ́ méjì ni ó wà nínú ẹjọ́ ọ̀daràn kan. Àkọ́kọ́ ni ìdájọ́ lórí ènìyàn, èkejì ni ìdájọ́ lórí ẹrù. Ti àkọ́kọ́ ni ìwé ìròyìn ń gbé jáde, òun náà sì ni àwọn èrò ń dúró gbọ́. Bí adájọ́ bá ti ní kí ẹlẹ́jọ́ lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, èrò a tú ká, wọ́n a ní òdodo ti lékè. Ti èkejì, tí adájọ́ máa ń fi gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta kà níkẹyìn, ni ó ń pinnu bóyá ẹni tí wọ́n jà lólè yóò rí nǹkan rẹ̀ gbà, àti bóyá ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ yóò pàdánù tirẹ̀.

Àwọn àgbà ilẹ̀ yìí kò fi ìdájọ́ kejì yìí ṣeré. Kí Òyìnbó tó dé, Òṣùgbó ni ilé-ẹjọ́ tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ń bẹ̀rù. Nínú ìlédì ni Olúwo, Apènà àti àwọn àgbà yòókù ti ń gbọ́ ẹjọ́ tí ó bá wúwo. Ní ti olè, òye Yorùbá ṣe kedere: ohun olóhun ni kí a kọ́kọ́ wá. Àwọn àgbà ní bí a bá ń lé olè, tí olè bá sọ ẹrù kalẹ̀, ṣe ni à á padà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí a máa fi òwe yìí rẹ́rìn-ín, wọ́n a ní òwe àánú ni, pé ó ń kọ́ni láti jẹ́ kí olè sá lọ. Kì í ṣe òwe àánú rárá. Òwe ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń wá ni. Ẹni tí wọ́n gbé ewúrẹ́ rẹ̀ lọ kò jáde lóru nítorí kí ó lè rí olè nínú túbú. Ewúrẹ́ ni ó ń wá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọn kò dá ẹni tí ó ra ẹrù olè sí. Ẹni tí ó gbé epo lájà, wọ́n ní, kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Òfin ìwé ti òde òní kò rí i lọ́nà mìíràn: ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn gba ẹrù olè nígbà tí ó mọ̀ pé ẹrù olè ni.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìfẹ́ àṣà mú kí a fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Àṣà mìíràn wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa sunkún rẹ̀, èyí ni àṣà kíkó ilé. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, kún fún irú rẹ̀, pàápàá ní Ìbàdàn ní àkókò ogun. Bí ìlú bá ti kọ ìjòyè kan, ilé rẹ̀ di kíkó. Wọn kì í bèèrè èyí tí ó jẹ́ ti baálé, èyí tí ó jẹ́ ti ìyàwó, èyí tí ó jẹ́ ti àlejò tí ó wọ̀ sí i lánàá. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni ó ń gbé. Ní ti owó àti ẹran tí àwọn ẹlẹ́jọ́ bá san fún ìtanràn, àárín àwọn onídàájọ́ ni ó ń pín sí gẹ́gẹ́ bí oyè bá ṣe ga tó. Ẹni tí ó ń jẹ nínú ẹ̀bi ẹlòmíràn, ó ṣòro kí ojú rẹ̀ má ṣe wà lára ẹrù kí ó tó wà lára ẹ̀rí. Àléébù yìí kò bá ìlédì lọ. Nígbà tí ogun Ìmàgbọ̀n ti ọdún 1892 ti fi Ìjẹ̀bú sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí kóòtù ìbílẹ̀ àti ti Májísíréètì gba ipò Òṣùgbó, ìbéèrè náà kàn yí aṣọ padà ni: ẹrù tí òfin gbà, ta ni yóò gbé e relé?

Ìdáhùn tí ìwé òfin fi sílẹ̀ dára ju bí àwọn ènìyàn ti rò lọ. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní orí 44, sọ pé ìjọba kò gbọdọ̀ gba ohun ìní ẹnikẹ́ni láìsan owó gbà-má-bínú, àfi ní àwọn ọ̀nà díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà náà ni kí a gbà á gẹ́gẹ́ bí ìyà fún rírú òfin. Lẹ́yìn èyí ni Òfin Ìṣàkóso Ìdájọ́ Ọ̀ràn Ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015, èyí tí àwọn ìpínlẹ̀, títí kan Ògùn, ti ṣe irú rẹ̀ fún ara wọn. Ibi tí òfin yìí ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe inú kóòtù. Ojú ibi tí wọ́n ti mú ènìyàn ni. Ó ní kí ọlọ́pàá kọ gbogbo ohun tí ó bá gbà lọ́wọ́ ẹni tí a mú sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i, kí ẹni náà fọwọ́ sí i pẹ̀lú, kí wọ́n sì fún òun tàbí agbẹjọ́rò rẹ̀ ní ẹ̀dà kan. Ó tún ní bí ohun tí a gbà kò bá tan mọ́ ẹ̀sùn náà, olóhun lè bèèrè rẹ̀ kí ẹjọ́ tó parí. Bí ọlọ́pàá bá sì kọ̀, kí ó lọ ṣàlàyé fún ilé-ẹjọ́. Adájọ́ lè ní kí wọ́n dá a padà.

Ìwé pélébé yìí ni gbogbo nǹkan rọ̀ mọ́. Bí kò bá sí nínú fáìlì, ẹ̀rọ ìgégi méjì a di ọ̀kan, ₦80,000 a di ₦50,000, fóònù tuntun a di èyí tí ojú rẹ̀ ti là. Bí ó bá sì wà, tí àwọn méjèèjì ti fọwọ́ sí i, adájọ́ ní ohun tí yóò gbé ojú lé. Àwọn agbófinró olóòótọ́ pàápàá ni ìwé náà ń dáàbò bò jù, nítorí pé ẹ̀sùn pé ọlọ́pàá jẹ nínú ẹrù olè kì í tán lẹ́nu àwọn ará ìlú.

Nígbà tí ẹjọ́ bá parí, ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ fún adájọ́ kò pọ̀. Ó lè ní kí ẹrù padà sọ́dọ̀ olóhun; ó lè ní kí ó di ti ìjọba; ó lè ní kí wọ́n bà á jẹ́, bí ó bá jẹ́ ohun tí kò yẹ kí ó wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni; ó sì lè ní kí a fi owó tí a bá lára ẹlẹ́bi san ìtanràn rẹ̀, tàbí kí a fi tu ẹni tí ó ṣẹ̀ nínú. Ohun tí ó bá lè bàjẹ́ kíákíá, tàbí ẹran ọ̀sìn tí ń jẹun lójoojúmọ́, òfin fàyè gbà kí a tà á kí ẹjọ́ tó parí, kí a sì tọ́jú owó rẹ̀ dípò rẹ̀. Èyí ni ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ arère tí kòkòrò ń jẹ. Òfin ti fi ọ̀bẹ lé ìjọba lọ́wọ́ láti ìgbà pípẹ́. Lílo rẹ̀ ni ó ṣọ̀wọ́n. Agbẹjọ́rò ìjọba kò béèrè, adájọ́ kò rántí, igi sì ń jẹrà.

Ní ti ohun tí wọ́n ń bà jẹ́, àwọn ará ìlú mọ̀ ọ́n dáadáa. Àjọ NDLEA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1989 láti gbógun ti òògùn olóró, a máa gba àṣẹ ilé-ẹjọ́ kí ó tó dáná sun ohun tí ó gbà, ní gbangba, níwájú àwọn oníwèé ìròyìn. (Ó dunni pé igbó ni wọ́n fi ń pe ewé burúkú tí wọ́n ń sun jù, ó ti tó àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó láti máa gbọ́ ẹ̀fẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ní ilé-ìwé.) Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó kó ewé náà ńkọ́? Níbí ni òfin ti fi ọgbọ́n àgbà hàn. Òfin àjọ náà, àti ti àjọ EFCC pẹ̀lú, sọ pé ọkọ̀ tí wọ́n fi dẹ́ṣẹ̀ lè di ti ìjọba, ṣùgbọ́n kò ní rí bẹ́ẹ̀ bí olóhun bá lè fi hàn pé òun kò mọ̀, òun kò gbà bẹ́ẹ̀, òun kò sì lọ́wọ́ sí i. Obìnrin Ìjẹ̀bú-Òde tí a sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣàájú ní ibi tí yóò dúró sí. Ohun tí kò ní ni agbẹjọ́rò, àti ẹni tí yóò sọ fún un pé òun gan-an ni ó ni iṣẹ́ àtifi ìyẹn hàn. Bí kò bá yọjú sí kóòtù, òfin kò ní wá a délé.

Ẹni mìíràn tún wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣòro ju èyí lọ, ẹni tí ó ra ẹrù olè láì mọ̀. Ọkùnrin kan ra alùpùpù ní ọjà, ó san owó gidi, ó gba ìwé. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn èyí, olóhun rí i ní ojú ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè. Àwọn méjèèjì jẹ́ aláìlẹ́ṣẹ̀, alùpùpù kan ṣoṣo ni ó sì wà nílẹ̀. Olóhun àkọ́kọ́ ni òfin ń gbé e fún, nítorí pé olè kò lè ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò lé ẹni tí ó rà á lọ lọ́wọ́ òfo pátápátá: bí wọ́n bá rí owó lára olè nígbà tí wọ́n mú un, ilé-ẹjọ́ lè ní kí a yọ iye tí ó san nínú rẹ̀ fún un. Ṣé ọ̀pọ̀ olè ni owó máa ń kù lára wọn? Ìbéèrè nìyẹn. Síbẹ̀ ó yẹ kí àwọn olùkọ́ máa sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, kí ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí má ṣe ju ìwé ọjà nù nínú ìbínú.

Ẹ̀wẹ̀, àwọn ẹjọ́ ńláńlá ni ó mú kí orílẹ̀-èdè yìí bẹ̀rẹ̀ sí ronú lórí ọ̀ràn yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, àjọ EFCC wọ ilé kan ní Ìkòyí ní Èkó, wọ́n bá mílíọ̀nù dọ́là mẹ́tàlélógójì ó lé díẹ̀, pẹ̀lú pọ́n-ùn àti náírà. Kò sí ẹlẹ́jọ́ kankan níwájú adájọ́. Owó náà fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́jọ́. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀ lé e fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí wọ́n kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ohun tirẹ̀ ni yọjú láàárín ọjọ́ 14. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà, ó di ti ìjọba àpapọ̀ pátápátá. Òfin tí ó fàyè gba irú èyí ni èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006 lórí jìbìtì. Nígbà tí ó sì di ọdún 2022, ìjọba fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ohun tí ọ̀daràn bá kó jọ: pé kí àjọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka tí yóò máa bójú tó ohun tí ó gbà, kí owó tí wọ́n bá rí nínú títa wọn sì lọ sínú àpò kan pàtó ní báńkì àgbà ti ìjọba. Àwọn tí wọ́n mọ bí àwọn Òṣùgbó ti ń pín ìtanràn yóò mọ ìdí tí òfin fi ní kí owó náà má ṣe gba ọwọ́ ẹni tí ó mú olè kọjá.

Ìdánwò tí ó le jù ni ti James Ibori, ẹni tí ó jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Delta láti ọdún 1999 sí ọdún 2007. Ní London ni ó ti gbà ní ọdún 2012 pé òun jẹ̀bi, tí wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́tàlá. Ìdájọ́ lórí ènìyàn tètè parí. Ìdájọ́ lórí ẹrù kò parí títí di oṣù keje ọdún 2023, nígbà tí ilé-ẹjọ́ ní kí ó dá iye tí ó lé ní mílíọ̀nù pọ́n-ùn 101 padà. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ti tán tipẹ́. Kí ìyẹn tó wáyé, ní ọdún 2021, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà láti dá mílíọ̀nù pọ́n-ùn 4.2 tí ó tan mọ́ ọ̀ràn náà padà fún ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, wọ́n ní ọ̀nà márosẹ̀ àti afárá ni wọn yóò fi ṣe. Àwọn ará Delta fárígá. Wọ́n ní owó ilé àwọn ni wọ́n jí, báwo ni ó ṣe di ti gbogbo ayé? Ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá wí, ìjọba àpapọ̀ sì fẹ́ fi òwe náà gbé ẹrù náà lọ nítorí pé òun ni ó bá Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ̀wé. Àríyànjiyàn àwọn ará Delta lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ilé ìwòsàn tí a kò kọ́ wà ní abúlé kan pàtó. Kì í ṣe gbogbo Nàìjíríà ni aboyún rẹ̀ ti kú.

Kò sí ohun tí ó burú nínú fífi owó olè ṣe ọ̀nà. Nínú owó tí Abacha kó pamọ́ sókè òkun, mílíọ̀nù dọ́là 308 tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2020 wà fún ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ọ̀nà Àbújá sí Kánò àti afárá kejì lórí odò Ọya. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò obì láti Ìjẹ̀bú-Igbó tí ń gba Ṣágámù lọ sí Èkó ti fi ọkọ̀ tẹ owó náà mọ́lẹ̀ láì mọ̀. Gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n jí owó náà, gbogbo orílẹ̀-èdè sì ni ó ń gun ọ̀nà. Ibi tí a bá ti lè nàka sí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ ni ọ̀ràn ti yàtọ̀. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ ní Èkó dájọ́ Emmanuel Nwude ní ọdún 2005, ẹni tí ó fi pápákọ̀ òfuurufú tí kò sí níbì kankan lu báńkì kan ní Brazil ní jìbìtì mílíọ̀nù dọ́là 242, ẹ̀wọ̀n ọdún 25 nìkan kọ́ ni wọ́n fún un. Wọ́n gba ohun ìní rẹ̀, wọ́n sì ní kí a fi san gbèsè fún àwọn tí ó lù ní jìbìtì. Ìyẹn ni ìdájọ́ tí ó jọ èyí tí àwọn àgbà mọ̀: olóhun kọ́kọ́ gbà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ àgbàlá Àgọ́-Ìwòyè báyìí. Ìlú akẹ́kọ̀ọ́ ni láti ọdún 1982 tí wọ́n ti dá yunifásítì ìpínlẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ Olóyè Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ lónìí. Gbogbo ìlú tí ọ̀dọ́ bá pọ̀ sí ni jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wá ọmọ kó, kò sì yẹ kí a fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olóòótọ́, tí wọ́n pọ̀ jù, wé àwọn díẹ̀ náà. Ní àwọn ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́ ní Abẹ́òkúta àti ní ibòmíràn, ìdájọ́ lórí ènìyàn a máa fúyẹ́: oṣù díẹ̀, tàbí ìtanràn, tàbí iṣẹ́ ìlú. Orí ẹrù ni ìyà ti ń wọni lára. Ọkọ̀, fóònù, kọ̀ǹpútà àti owó báńkì a di ti ìjọba, tàbí kí adájọ́ ní kí wọ́n dá iye kan padà fún ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì lókè òkun.

Àwọn òbí kan a máa bínú, wọ́n a ní ìjọba Nàìjíríà ni ó ń jẹ owó tí ọmọ àwọn “wá” lọ́dọ̀ Òyìnbó. Irọ́ inú ọ̀rọ̀ yìí kò pamọ́. Opó kan tí ó wà ní Amẹ́ríkà, tí ó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọkọ àfẹ́sọ́nà tí kò sí láyé, ẹni tí wọ́n jà lólè ni, bí ẹni tí wọ́n gbé ewúrẹ́ rẹ̀ ní Jàpárá. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìbínú wọn tí ó yẹ kí a gbọ́. Bí ọmọ bá ra ọkọ̀ fún ìyá rẹ̀, tí ìyá ń fi í kó ẹrù lọ sí ọjà, tí ó sì ti ná owó tirẹ̀ lé e lórí, ṣé gbogbo rẹ̀ ni yóò lọ? Bí wọ́n bá kọ́ ilé sórí ilẹ̀ ẹbí, ṣé ilẹ̀ tí baba ńlá fi sílẹ̀ di owó jìbìtì ni? Òfin fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní àyè láti yọjú kí wọ́n sì sọ tiwọn kí ìdájọ́ ìkẹyìn tó dé. Ìkéde nínú ìwé ìròyìn èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Ìyá tí kò ka ìwé yóò wá mọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa kọ ọ̀rọ̀ sára ògiri.

Nípa títa ẹrù náà, gbàǹjo ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, gbàǹjo sì ní orúkọ burúkú lẹ́nu ará ìlú. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí agogo gbàǹjo tó dún, àwọn ọkọ̀ dáradára ti lọ. Bóyá wọ́n sọ òdodo ní ibi gbogbo tàbí wọn kò sọ ọ́, ìfura náà kò lè tán bí títà bá ń wáyé níbi tí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ kò mọ̀. Bí igi tí wọ́n gé nínú igbó ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó bá jẹ́ títà, Ìjẹ̀bú-Igbó ni kí wọ́n ti tà á, ní ọjọ́ ọjà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kéde rẹ̀ ní ààfin, ní ilé-ẹjọ́ àti lórí rédíò ní èdè tí àwọn agégi gbọ́. Kí wọ́n kọ iye tí ó mú wá sára ògiri kóòtù. Kí ẹni tí ó mú ọ̀daràn, àti ẹni tí ó ṣẹjọ́ rẹ̀, má ṣe wà lára àwọn tí yóò na owó sí i. Kí wọ́n sì dúró títí àkókò ìpẹ̀jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yóò fi kọjá, nítorí pé ọjọ́ 90 ni òfin fún ẹni tí ilé-ẹjọ́ gíga dá lẹ́bi láti lọ sí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹni tí wọ́n bá dá láre níbẹ̀, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì ti di ti ẹlòmíràn, kí ni yóò fi ìdáláre náà ṣe?

Díẹ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí yóò gba owó àti àkókò. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú wọn kò gba nǹkan kan. Ìwé tí ọlọ́pàá ń kọ ohun tí ó gbà sí kò ju ojú ewé kan lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi kọ ọ́, wọ́n sì ń ní kí awakọ̀ agbégi tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i tàbí kí ó tẹ̀ka. Ọlọ́pàá tí ń kọ ọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, bí kò bá gbọ́ Yorùbá fúnra rẹ̀, a máa rí ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè méjèèjì, kí wọ́n kà á sókè fún ẹni tí a mú: ìtì arère mẹ́wàá, ẹ̀rọ ìgégi kan, ọkọ̀ kan àti nọ́ńbà rẹ̀, owó báyìí-báyìí. Kí ó gbọ́ ọ, kí ó tó tẹ̀ka.